Ta Ló Yọ́ Erin Desmond Pascoe?

Sájẹ́ǹtì Thelma Burridge dojú ìkòkò náà dé, irin inú rẹ̀ sì já bọ́ sórí tábìlì, gbì! Odidi kan ṣoṣo ni, ó rí pẹrẹsẹ bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tó ti wá, ó sì ń dán.

"Kí lẹ pe eléyìí?" ó bi wá.

"Àwọn erin mi ni," Desmond dáhùn. "Gbogbo wọn pátá."

Àárọ̀ Sátidé ni, nínú yàrá iṣẹ́ tó wà lẹ́yìnkùlé Desmond ní Launceston. Oṣù Keje ni, àárín ìgbà òtútù ní erékùṣù wa yìí, òtútù sì mú débi pé èémí gbogbo wa ń rú bí èéfín. Desmond jókòó sórí agolo ọ̀dà kan, ó ń wo kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Èmi ló kọ́kọ́ pè, kó tó pe ọlọ́pàá. Mervyn Oakford lorúkọ mi, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, èmi àti Desmond sì ti ń ṣọ̀rẹ́ láti ìgbà tí àwa méjèèjì ṣì ní irun lórí.

Sájẹ́ǹtì náà kúrú, ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ó dé fìlà onírun àgùntàn bo etí. Bó ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀, wàá rò pé ọ̀nà ọjà ló ń béèrè. Ó ní kí n ṣàlàyé ohun tí erin ń wá nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Mo ṣàlàyé. Ẹgbẹ́ wa máa ń ṣe eré ogun orí tábìlì. A ó to ọmọ ogun àti erin kéékèèké onírin tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ, ogun àwọn ará àtijọ́: Róòmù, Gíríìkì, Páṣíà, Kátéjì. Kí ẹnì kan má baà lọ kó ọgọ́rùn-ún erin wá bo ẹnì kejì mọ́lẹ̀, ìwé kan wà tó ń sọ iye ẹlẹ́ṣin, iye ọlọ́kọ̀ àti iye erin tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè kó jáde. Ìwé náà ti gbó. Àwọn onímọ̀ ti hú nǹkan púpọ̀ jáde nínú ilẹ̀ tó fi hàn pé apá kan nínú rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá yan àwa mẹ́ta láti tún un ṣe: Desmond ni alága ìgbìmọ̀ náà, èmi ni ìkejì, ìkẹta sì ni Grantley Houlihan, alápatà kan tó mọ ìtàn ilẹ̀ Pọ́ńtù ju bó ṣe mọ ìtàn ìdílé ara rẹ̀ lọ. Ọjọ́ kejì, ìyẹn ọjọ́ Àìkú, ló yẹ ká fọwọ́ sí i.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Àwọn erin yìí ńkọ́? Ti ta ni?"

"Ti Kátéjì," Desmond fèsì. "Ọdún tí mo gbé Una níyàwó la rà wọ́n. Òun ló fi ọ̀pọ̀ ọdún kun gbogbo aṣọ ẹ̀yìn wọn. Búrọ́ọ̀ṣì tó ń lò kò ju irun mẹ́ta lọ." Una ti kú, ó ti lé lọ́dún márùn-ún.

"Ta ló kórìíra yín tó báyìí?"

Desmond kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Grantley. Ó dìde ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun máa yọ́ erin mi. Gbogbo èèyàn ló gbọ́."

Mo gbọ́ ọ lóòótọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀.

Jocelyn wọlé pẹ̀lú tíì. Òun ni ọmọ kan ṣoṣo tí Desmond bí, ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀, inú ilé kan náà ni wọ́n sì jọ ń gbé. Ojú rẹ̀ wú bí ẹni tí kò sùn. Ó ní òun kò gbọ́ ariwo kankan lóru. Desmond gba ife tíì, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí tíì fi dà sí i nítan. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni.

Sájẹ́ǹtì Burridge ti ki orí bọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń fa imú.

"Ọ̀gbẹ́ni Pascoe, ìgbà wo lẹ fọ ibí yìí gbẹ̀yìn?"

"Kí ni mo fẹ́ fọ̀ níbẹ̀? Mi ò fọ̀ ọ́ rí."

Ó yọ orí jáde. Ó wo ilẹ̀kùn yàrá náà. Wọn kò já a. Ó béèrè ibi tí kọ́kọ́rọ́ máa ń wà, Desmond ní orí ìṣó nínú ilé ìdáná ni, gbogbo ẹni tó bá ti mu tíì rí nílé yìí ló mọ̀ ọ́n.

*

Ṣọ́ọ̀bù Grantley kún nígbà tá a débẹ̀. Sájẹ́ǹtì ló ní kí n tẹ̀ lé òun, ó ní èmi ni màá máa túmọ̀ èdè àwọn aṣiwèrè yìí fún òun. Kò bẹ̀ mí, mi ò sì bínú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gbẹ́ni Houlihan. Wọ́n ní ẹ fẹ́ yọ́ erin?"

Grantley ń gé ẹran àgùntàn. Sìgbọnlẹ̀ ọkùnrin ni, ohùn rẹ̀ sì tóbi jù ú lọ. "Àgùntàn àti màlúù nìkan ni mo ní, màdáámù. Bí ẹ bá fẹ́ erin, ẹ óò fún mi láyè ọjọ́ díẹ̀."

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Sájẹ́ǹtì náà rẹ́rìn-ín. Ó wá fi káàdì ọlọ́pàá rẹ̀ hàn án, ẹ̀rín sì tán.

"Ẹnì kan ti yọ́ erin Desmond Pascoe."

Ọ̀bẹ dúró lókè. "Gbogbo ẹ̀? Àwọn tí Una kùn?" Ó wò mí. "Mervyn, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Olúwa mi o." Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ló wá yé e. "Ẹ dúró ná. Ìdí tẹ́ ẹ fi wá nìyẹn? Èmi?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ máa ṣe é."

"Mo sọ ọ́! Inú ló ń bí mi! Ṣé wọ́n sọ ohun tí bàbá yẹn ṣe fún yín? A jókòó, àwa mẹ́ta, a fẹnu kò pé Pọ́ńtù á ní kẹ̀kẹ́ ogun alábẹ mẹ́rin. Mẹ́rin! Mervyn wà níbẹ̀. Nígbà tí ìwé máa fi dé ọwọ́ mi, ẹyọ kan ló kù. Mo pè é lórí fóònù. Ó ní a ò jọ sọ irú ẹ̀ rí. Ó ní òpùrọ́ ni mí. Ṣé kò yẹ kí n bínú ni?"

"Kẹ̀kẹ́ wo ni kẹ̀kẹ́ alábẹ?" Sájẹ́ǹtì yíjú sí mi.

"Kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà, tí abẹ gùn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà rẹ̀ láti máa fi gé èèyàn lẹ́sẹ̀."

"Ẹ ṣeun. Ọ̀gbẹ́ni Houlihan, aládùúgbò kan rí ọkọ̀ akẹ́ran yín níwájú ilé Pascoe nírọ̀lẹ́ àná."

Obìnrin kan gbé báàgì rẹ̀, ó rọra jáde. Òmíràn tẹ̀ lé e. Grantley rí wọn.

"Mo lọ tọrọ àforíjì ni," ó wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ìyàwó mi ló ní ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní gbọ̀ngàn yẹn kò dáa, pé àgbàlagbà ni. Mo gbé sọ́séèjì dání lọ. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó ní kí n bá òun kí ìyàwó mi. A tiẹ̀ jọ rẹ́rìn-ín."

"Ọ̀gbẹ́ni Pascoe ní òun ò fojú kàn yín láti ọjọ́ ìpàdé."

"A jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwa méjèèjì ń purọ́ nìyẹn."

Fóònù rẹ̀ dún lórí tábìlì ẹran. Ó gbé e, ó gbọ́ díẹ̀, ojú rẹ̀ sì pọ́n. Nígbà tó gbé e sílẹ̀, ó ní, "Alága ẹgbẹ́ ni. Ó ní kí n má wá sí gbọ̀ngàn mọ́ títí tí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Ogún ọdún ni mo ti wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, Mervyn."

Ká má parọ́, nínú ọkàn mi, mo ti dá a lẹ́bi.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Sájẹ́ǹtì nínú mọ́tò. Mo ní Grantley máa ń gbaná jẹ, ó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, ọkọ̀ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Kí ló tún kù?

"Sọ́séèjì ló kù," ó dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká padà lọ wo inú fíríìjì."

*

Sọ́séèjì wà níbẹ̀, wọn kò tíì tú u, pépà ṣọ́ọ̀bù Grantley ni wọ́n sì fi dì í.

Sájẹ́ǹtì gbé e sórí tábìlì ilé ìdáná níwájú Desmond. "Ta ló mú eléyìí wá?"

"Jocelyn ló rà á."

Jocelyn wà lẹ́nu ọ̀nà. "Èmi kọ́, Dádì. Ó ti wà níbẹ̀ kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé lánàá. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ jáde lọ rà á."

"Mi ò jáde lánàá."

"Ṣé ẹnì kan wá kí yín ni?" Sájẹ́ǹtì béèrè.

"Mo ní kò sí ẹni tó wá!" Desmond fi ọwọ́ gbá tábìlì. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò pariwo mọ́ obìnrin rí. "Wọ́n yọ́ nǹkan mi, ẹ ń bi mí léèrè sọ́séèjì! Àbí ẹ fẹ́ sọ mí di wèrè nínú ilé mi?" Ó fi ọwọ́ di ikùn mú, ó fajú ro bí ẹni tí inú ń run.

Sájẹ́ǹtì tọrọ gáfárà. Ó fà mí jáde lọ sí yàrá ẹ̀yìnkùlé.

"Ṣé ẹ lè bá mi rí ọmọ ogun àtijọ́ kan tó ti kán? Èyí tó jọ ọjọ́ orí àwọn erin yẹn."

Ìgò kan wà lórí pẹpẹ tí Desmond ń kó àwọn ọlọ́kọ̀ tó ti kán sí. Mo yọ ọ̀kan fún un. Ó gbá ìwé ìròyìn kan mú, ó fi ìdí ọmọ ogun náà fa ilà ní etí rẹ̀. Ilà náà hàn kedere, ó dúdú rẹ́súrẹ́sú bíi ti pẹ́ńsù. Lẹ́yìn náà ó gbé odidi irin inú ìkòkò, ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fa ilà sábẹ́ ti àkọ́kọ́. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un fà. Kò sí ohun tó hàn.

"Bàbá mi máa ń fi òjé ṣe ìwọ̀n ìdí àwọ̀n ẹja," ó wí. "Gbogbo ìwé iṣẹ́ ilé mi ló máa ń dọ̀tí. Kí ni wọ́n fi ṣe àwọn erin yẹn?"

"Òjé," mo dáhùn. "Òjé ni gbogbo wọn láyé ìgbà yẹn. Àwọn tó ń ṣe é ti pa á tì, tánganran, irin funfun tí kì í fa ilà sórí pépà, ni wọ́n ń lò báyìí."

"Wọ́n kun erin yẹn lọ́dà, àbí?"

"Ọ̀dà gidi. Wọ́n sì fi gúlúù lẹ yanrìn mọ́ ìdí wọn."

"Yanrìn dà? Ọ̀dà tó jóná dà?" Ó yí irin náà sókè sódò níwájú mi. Kò sí ẹ̀gbin kankan lára rẹ̀, tinú tẹ̀yìn. "Ọ̀gbẹ́ni Oakford, kò sí erin kankan nínú ìkòkò yìí. Kò sí i rí."

Mo wo abẹ́ tábìlì. Àpótí tí Desmond ń kó ọ̀pá tánganran rẹ̀ sí, èyí tó fi ń ṣe ẹsẹ̀ ẹṣin àti ọwọ́ ọ̀kọ̀, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

Inú mi dùn ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, ká sọ tòótọ́. Erin wà láàyè! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kíákíá. Mo ní olè ni, mo ní àwọn kan wà ní Melbourne tí wọ́n ń fojú wá irú nǹkan àtijọ́ yìí, pé kí ó ránṣẹ́ sí èbúté kí ọkọ̀ ojú omi alẹ́ tó gbéra.

Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. "Irú olè wo ló ń fọ kọ́bọ́ọ̀dù kó tó lọ?"

"Fọ báwo?"

"Ẹ gbóòórùn rẹ̀."

Mo ki orí bọ̀ ọ́. Ọṣẹ ni mo gbóòórùn. Ẹnì kan ti fi ọṣẹ àti omi fọ gbogbo pátákó inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Sájẹ́ǹtì yọ pín-ìn-nì lára fìlà rẹ̀, ó fi ha abẹ́ irin tó di ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù mú, níbi tí aṣọ ìnulẹ̀ kò lè dé. Lẹ́búlẹ́bú funfun kan jáde sórí ìwé ìròyìn, ó rí bí ìyẹ̀fun.

"Kí ni èyí?"

Mo mọ̀ ọ́n. Ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú wa. Bí òjé bá pẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù igi óòkù tí wọ́n tì pa, igi náà á máa mí ekikan sí i lára, òjé á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Lẹ́búlẹ́bú funfun ni ìjẹrà rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un.

"Ṣé ó léwu?"

"Májèlé ni."

Láti ojú fèrèsé, a ń wo Desmond nínú ilé ìdáná. Ó fẹ́ gbé ife kan, ó lo ọwọ́ méjèèjì. Mo rántí bó ṣe máa ń kun àwọn ọmọ ogun rẹ̀: á fi ètè pọ́n ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kó lè mú, á kùn ún, á tún fi ètè pọ́n ọn. Àwọn erin sì rèé, ojoojúmọ́ ló ń kó wọn jáde láti ìgbà tí Una ti kú, tó ń fi ọwọ́ lásán nù wọ́n. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Inú rírun. Ìbínú. Sọ́séèjì tó gbà lọ́wọ́ èèyàn ní àná, tí kò rántí lónìí.

"Ó ti yé yín," ni Sájẹ́ǹtì wí.

"Ó ti yé mi. Ṣùgbọ́n ta ló kó wọn?"

"Ẹni tó kó wọn mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ́ irin. Ó mọ̀ pé lẹ́búlẹ́bú yìí léwu, ó sì fọ̀ ọ́ kí ẹlòmíràn má baà fara kó o. Kò sì fẹ́ kí bàbá yìí wá wọn kiri. Tó bá rò pé wọ́n jí wọn ni, yóò máa wá wọn. Tó bá rò pé wọ́n ti yọ́, kí ni yóò máa wá?" Ó ká ìwé ìròyìn náà, ó fi lẹ́búlẹ́bú sínú rẹ̀. "Ibo ni ọmọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́?"

"Ní ilé ìwòsàn eyín kan nígboro. Òun ló ń bá wọn fọ eyín èèyàn."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ó tún wí.

*

Jocelyn ń sá aṣọ lórí okùn. Sájẹ́ǹtì kò bi í ní ibi tó wà lóru, kò sì dárúkọ erin.

"Kí lo rí lẹ́nu bàbá rẹ?"

Jocelyn dúró gbagidi, aṣọ tútù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ilà kan ni," ó wí. "Lórí erìgì rẹ̀, níbi tí eyín ti yọ. Ó dúdú bí aró. Mo ń bá a fọ eyín lóṣù tó kọjá ni mo rí i. Mo pe dókítà wa, òun náà wò ó, ó ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lọ́jọ́ yẹn gan-an."

"Ṣé wọ́n lọ?"

"Bàbá mi?" Ó rẹ́rìn-ín tí kò dùn. "Ó ní àádọ́ta ọdún lòun ti ń fọwọ́ kan òjé, kò pa òun. Mo ní ká fi àwọn erin yẹn sínú ike tó ní ìdérí. Ó ní ìyá mi ló kùn wọ́n, wọn ò ní kúrò níbi tí òun ti lè fọwọ́ kàn wọ́n níwọ̀n ìgbà tí òun bá wà láyé. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sunkún. Mo bá a jà. Lọ́sẹ̀ yìí ó pè mí ní Una. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun pè mí bẹ́ẹ̀." Ó nu imú rẹ̀ sí aṣọ tó fẹ́ sá. "Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yọ́ irin nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mo rò pé tó bá gbà pé wọ́n ti lọ, á sunkún, ìbànújẹ́ á tán, á gbà kí n mú òun lọ sọ́dọ̀ dókítà."

"Ibo ni wọ́n wà?"

"Nínú búùtù mọ́tò mi. Mo fi òwú wé wọn, mo fi tépù lẹ ìdérí ike. Kò sí èyí tó kán."

"Jocelyn," mo wí, "Grantley ńkọ́?"

"Kí ló ṣe Grantley, Áńkù?"

Kò mọ̀. Kò sí ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ tí Grantley sọ̀rọ̀ yẹn, nígbà tí bàbá rẹ̀ sì ń dárúkọ ọkùnrin náà láàárọ̀, ó ń po tíì lọ́wọ́. Sájẹ́ǹtì sọ fún un: ẹgbẹ́ ti lé e, àwọn oníbàárà sì ti ń rìn jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Jocelyn jókòó sórí koríko tútù, ó fi ọwọ́ bo ojú.

"Ta ló máa sọ fún bàbá mi?"

"Ìwọ ni," ni Sájẹ́ǹtì dáhùn. "Wàá sì sọ fún un báyìí. Màá pe Houlihan kí òun náà wá gbọ́."

*

Grantley dé pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù ẹlẹ́jẹ̀ rẹ̀ lára. Ó dúró sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn ilé ìdáná, kò jókòó.

Jocelyn sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Desmond gbọ́ ọ dópin, ojú rẹ̀ sì ń le bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ.

"Ìwọ ọmọ tí mo bí," ó wí. "O jẹ́ kí n jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ kí n máa ṣọ̀fọ̀."

"Mo jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó síbẹ̀, Dádì. Ẹ má bínú."

"Ìyá rẹ ló kùn wọ́n!"

"Mo mọ̀. Èmi ni mo máa ń fọ búrọ́ọ̀ṣì fún wọn."

"Ara mi le. Ọpọlọ mi pé. Ẹ bi mí ní ohunkóhun nípa ìwé yẹn. Ẹ bi mí!" Ó nawọ́ sí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó wà lórí tábìlì. "Èmi ni mo kọ gbogbo rẹ̀ tán. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án lẹ́yìn mi."

Sájẹ́ǹtì wò mí. Mo ṣí kọ̀ǹpútà náà. Mo ti ka ti Pọ́ńtù tẹ́lẹ̀ nítorí ìjà Grantley, ṣùgbọ́n mi ò tíì ka ti Kátéjì tí Desmond fẹ́ mú wá lọ́jọ́ kejì. Ta ni yóò máa yẹ iṣẹ́ Desmond wò lórí Kátéjì? Mo ṣí i. Mo kà á lọ sísàlẹ̀. Mo tún un kà láti òkè.

"Desmond," mo wí, "mélòó ni erin Kátéjì?"

Ó sọ iye rẹ̀ láìronú, ó sọ orúkọ ogun tí wọ́n ti lò wọ́n, ó tiẹ̀ sọ èyí tí wọ́n kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà.

"Wá wo ohun tó wà níbí."

Ó fi gíláàsì sójú, ó tẹ̀ síwájú. Ẹlẹ́ṣin wà níbẹ̀. Ọlọ́kọ̀ wà níbẹ̀. Níbi tó yẹ kí erin wà, ẹnì kan ti kọ ọ́ pé wọn kò ní erin rárá, ó sì ti kọ àlàyé tó gùn sí abẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà ìkọ̀wé Desmond ni. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń kọ gbólóhùn bẹ́ẹ̀.

Desmond yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Grantley, ṣé ìwọ lo ṣe eléyìí?"

"Bàbá, bí ọwọ́ mi bá lè tó kọ̀ǹpútà yín," Grantley wí jẹ́jẹ́, "ṣé mi ò ní kọ́kọ́ dá kẹ̀kẹ́ mi padà ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Desmond tún un kà. Ó ń fi ìka tó ń gbọ̀n tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé.

"Èmi?" ó wí. "Èmi ni mo gba erin lọ́wọ́ Kátéjì?"

Ó bọ́ gíláàsì. Ó wo ọmọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, mo sì rí i pé ẹ̀rù ń bà á. Èmi náà, ẹ̀rù bà mí.

"Jocelyn," ó wí, "bá mi gbé kóòtù mi wá."

*

Òjé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ débi pé dókítà ọsibítù béèrè bóyá iléeṣẹ́ bátìrì ló ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n dá a dúró, wọ́n fún un ní oògùn tó ń fa òjé jáde kúrò lára. Ó pẹ́ kó tó padà sílé. Ọwọ́ rẹ̀ fara balẹ̀, inú rírun lọ. Ohun tó gbàgbé, apá kan padà wá, apá kan kò padà. Títí di òní kò rántí sọ́séèjì.

A kò fọwọ́ sí ìwé lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Èmi àti Grantley tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní, a sì ń lọ kà á sókè fún Desmond níbi tó jókòó sí nínú oòrùn. Ó bá wa jiyàn lórí gbogbo rẹ̀. Nígbà tá a kan Pọ́ńtù, ó wá ẹ̀rí jáde pé kẹ̀kẹ́ alábẹ mẹ́rin ti pọ̀ jù, mẹ́ta ló yẹ. Grantley fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Mẹ́ta ló wà nínú ìwé tó jáde. Àwọn erin wà ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, nínú àpótí onígíláàsì tí kò ní igi lára, Desmond sì máa ń dúró wò wọ́n níbẹ̀ láìfọwọ́ kan nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n kí gbogbo ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ Grantley ṣì kù nílẹ̀.

Sájẹ́ǹtì Burridge kò fi ẹ̀sùn kan Jocelyn. Ó ní bàbá ló pe ọlọ́pàá, ọmọ kọ́. Irin inú ilé ara wọn ló sì yọ́. Alága ẹgbẹ́ pe Grantley padà lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, ó tọrọ gáfárà díẹ̀, ó gbé fóònù sílẹ̀ kíákíá. Sájẹ́ǹtì ní ìyẹn kò tó. Ó sọ fún Jocelyn pé gbangba ni wọ́n ti ba ọkùnrin náà lórúkọ jẹ́.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé mo lọ ra ẹran. Èèyàn tò sí iwájú Grantley, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń pọ̀, kò sì sí ẹni tó ń bá a ṣàwàdà. Jocelyn wọlé. Kò tò. Ó dúró sí àárín ṣọ́ọ̀bù, aṣọ iṣẹ́ ilé ìwòsàn eyín lọ́rùn rẹ̀, ó sì gbé ohùn sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Èmi ni Jocelyn Pascoe. Wọ́n ní Grantley Houlihan ba nǹkan bàbá mi jẹ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ṣe gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa, mo sì jẹ́ kó dà bíi pé ìkà ẹnì kan ni. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ohun tó wá ṣe nílé wa ni pé ó wá bẹ bàbá mi, pẹ̀lú ẹ̀bùn lọ́wọ́." Ó yíjú sí Grantley. "Ọ̀gbẹ́ni Houlihan, ẹ dárí jì mí."

Ìyàwó Grantley yọjú láti inú yàrá ẹ̀yìn. Grantley nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ épírọ́ọ̀nù, ó yípo tábìlì ẹran, ó jáde wá bá a.

"Bàbá ńkọ́?" ó béèrè. "Ṣé wọ́n sùn dáadáa mọ́jú?"